Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Já, Tí Kò sì Gbọdọ̀ Tú

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá gbé ogun dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe ló sú wọn. Ogun Adúbí ni a mọ̀ ọ́n sí títí di òní. Ohun tí àwọn jagunjagun náà ṣe lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìfọ̀ ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Wọ́n hú irin rélùwéè ní Agbesi, ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lójú irin. Wọ́n wó ibùdókọ̀ Wasinmi, wọ́n sì kó ti Arigbajo tó wà nítòsí Ìfọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ogun kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni okun ìjọba wà. Ojú irin ló ń kó sójà, wáyà tẹlígíráàfù tó ń bá ojú irin rìn ló sì ń kó ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dí ọ̀nà kan ṣoṣo yìí, ó ti de ìjọba lẹ́sẹ̀, ó sì ti dí i létí.

Ìjọba borí nígbẹ̀yìn, nítorí pé ó rí àwọn sójà tó ń ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà bọ̀ kó wá. Nǹkan bí 600 ènìyàn ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀mí yẹn pọ̀, kò yẹ kí a máa kà á kọjá wéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wo ogun náà, ohun kan hàn gbangba: okùn tí ìjọba fi ń sọ̀rọ̀ ní ojú kan ṣoṣo, gbogbo ayé ń rí i, kò sì ṣeé gbé kúrò níbi tí wọ́n rì í mọ́. Bí wọ́n bá já a níbì kan, ó já títí dé òpin.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ológun gbogbo àgbáyé ti ń wá irú okùn mìíràn: èyí tí a lè tún hun ní wákàtí kan, tí yóò gba ọ̀nà mìíràn bí ọ̀nà kan bá dí, tí ọ̀tá kò sì ní lè tẹ́tí sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun méjì tí wọ́n ń béèrè yìí kì í fẹ́ràn ara wọn. Àṣírí ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn tì, kí àwọn tó mọ̀ kéré, kí ohunkóhun má yí padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ sí i. Ogun ní tirẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ikọ̀ tuntun ń dé, ikọ̀ àtijọ́ ń kúrò, ọ̀gá ń kú, ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń gba ipò, àwọn tí kò mọ ara wọn lánàá ní láti bára wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá ti ilẹ̀kùn pa jù, àwọn tiwa ni yóò há síta. Bí a bá ṣí i jù, ọ̀tá á wọlé. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, ọgbọ́n bí a ṣe ń mú kí àwọn méjèèjì gbé inú ilé kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Ibafo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀pá epo NNPC tó ti Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù gba inú àbàtà Arepo kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń dá ọ̀pá lu fi ibẹ̀ ṣe ibùba, débi pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, wọ́n pa àwọn òṣìṣẹ́ NNPC tó lọ tún ọ̀pá náà ṣe. Nígbà tó di ìparí oṣù Keje ọdún 2016, ikọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Operation Awatse wọ àbàtà náà: ọmọ ogun òfuurufú ń ju bọ́ǹbù láti òkè, ọmọ ogun ojú omi àti ti orí ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Arepo tàbí Ibafo nígbà náà kò lè gbàgbé ìró rẹ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tó le jù fún ìbánisọ̀rọ̀ ológun. Rédíò tí sójà ẹlẹ́sẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn sábà máa ń ṣiṣẹ́ láàárín 30 sí 88 MHz. Ti ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 156, ní 156.8 gan-an ni gbogbo atukọ̀ òkun ayé ti ń tẹ́tí sí ìpè ewu. Bàálù ń sọ tirẹ̀ láàárín 118 sí 137, ti ológun sì tún ń lo 225 títí dé 400. Yàtọ̀ sí èyí, AM ni bàálù fi ń gbé ohùn, FM sì ni sójà fi ń gbé tirẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta yìí dúró sí àbàtà kan náà, kí wọ́n máa ké mọ́ rédíò, wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀, bí sójà bá ti rìn síwájú ní ìdajì kìlómítà, ẹni tó gbé bọ́ǹbù lókè gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, bàálù ológun Nàìjíríà ṣèèṣì ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé wọn kò fi àmì sí ibẹ̀ bí ó ti yẹ pé àgọ́ ni. Ẹni tó wà lókè kò ní òtítọ́ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí àìmọ̀ ń fà nìyẹn, ọ̀nà yòówù kí àìmọ̀ náà gbà wọlé.

Ọ̀nà àtijọ́ láti so àwọn mẹ́ta náà pọ̀ ni kí a fi ènìyàn kan jókòó sáàárín rédíò mẹ́ta, kí ó máa gbọ́ ti ọ̀tún, kí ó máa tún un sọ fún ti òsì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ọ̀rọ̀ sì máa ń yí padà lẹ́nu alágbàsọ. Ọ̀nà òde òní ni rédíò tí ètò kọ̀ǹpútà ń darí. Nínú rédíò ayé àtijọ́, irin àti wáyà inú rẹ̀ ló pinnu irú ìgbì tó lè gbọ́. A kò lè yí i padà láìtú u. Nínú ti ìsinsìnyí, ètò kọ̀ǹpútà ló pinnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ ti sójà láàárọ̀, kí ó jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án, kí ó sì bá bàálù sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ọ̀gá ìbánisọ̀rọ̀ á to ètò ikọ̀ tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà kan: ta ni yóò wà nínú rẹ̀, ìgbì wo ni, kọ́kọ́rọ́ wo ni, ta ni yóò máa darí ọ̀rọ̀. Á wá rọ ètò yìí sínú rédíò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn iṣẹ́ ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Láti Ìfọ̀ sí Mowe, tí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù, kò ju nǹkan bí kìlómítà 27 lọ. Odò Ògùn wà láàárín, àbàtà wà níbẹ̀, igbó àti òkè kéékèèké sì wà níbẹ̀. Ìgbì rédíò tí sójà ń lò ń rìn bí ojú ṣe ń ríran: ohun tó bá dí ojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí òun náà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àńtẹ́nà tó ga ní mítà 2 kì í rí ju kìlómítà 5 tàbí 6 lọ kí ilẹ̀ tó tẹ̀ bá a. Gbé e dé mítà 30, ó rí nǹkan bí kìlómítà 20. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ń ri òpó gíga sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ìdí tí ológun tó wọ igbó láìní ohun gíga kankan fi máa ń dákẹ́ lójijì.

Ohun tí àwọn onímọ̀ fi yanjú èyí dára púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo apá yòókù lọ. Wọ́n sọ gbogbo rédíò di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó tún ń jíṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ká ní ikọ̀ mẹ́fà tò láti Ìfọ̀, gba Ọ̀fàdà àti Mowe kọjá, títí dé Ibafo. Ti Ìfọ̀ kò lè rí ti Ibafo rárá, ṣùgbọ́n ó rí ti ikọ̀ kejì, ikọ̀ kejì rí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á máa fò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ ọ̀nà tí yóò gbà. Rédíò kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká ní gbogbo ìgbà pé, “Ta lo rí? Ta ni ìwọ náà lè dé?” Ó ń fi ìdáhùn wọn ṣe máàpù kékeré fún ara rẹ̀. Bí bátìrì ti Ọ̀fàdà bá kú, máàpù gbogbo wọn á yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yà gba ibòmíràn bí ibòmíràn bá wà. Bí ikọ̀ tuntun bá ti Ewékorò dé, ó kàn ní láti kí àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á gbà á wọlé. Kò sí òpó kan tí ẹnìkan lè wó kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

“Wọ́n á gbà á wọlé.” Gbólóhùn yẹn ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ti wa ni?

Àwọn baba wa bá ìbéèrè yìí jà kí rédíò tó dé. Àlùfáà C. A. Gollmer ti ìjọ CMS, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ ìwé nípa àrokò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London lọ́dún 1885. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí i. Bí ẹni náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ní ọkàn àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn jẹ́ ọ̀rẹ́, méjì tó kẹ̀yìn síra wọn jẹ́ ọ̀tá. Ìránṣẹ́ lè gbé e kọjá láàárín ogun láìmọ ohun tó ń gbé. Ẹni tó bá dá a lọ́nà á rí owó ẹyọ, á kà á, síbẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àrokò ní àléébù kan: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó sì mọ àṣà, lè tú u. Nígbà tí àwọn ìlú Yorùbá ń bá ara wọn jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀tá rẹ tilẹ̀ gbọ́ èdè rẹ dáadáa.

Ní 1883, Auguste Kerckhoffs, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń kọ́ni ní Faransé, gbé òfin kan kalẹ̀ tí àwọn ológun ṣì ń tẹ̀lé títí di òní. Ó ní kí a gbà pé ọ̀tá mọ gbogbo ètò wa, pé ó ti gba ẹ̀rọ wa, ó ti tú u wò. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ mọ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ níbí kì í ṣe irin. Nọ́ńbà gígùn kan ni, tí rédíò ń fi lọ ọ̀rọ̀ kí ó tó rán an, tí rédíò kejì sì ń fi í tún un tò. Ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní AES, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, tí ìwọ náà ń lò nígbà tí o bá ń bá báńkì rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe nínú irú rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gùn jù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà 78 ló máa gùn tó. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò tán.

Èyí ni ó jẹ́ kí àṣírí àti ìyípadà lè jọ gbé. Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí, a lè yí ohun gbogbo yòókù padà ní gbangba. Bí ọ̀tá bá mú sójà kan pẹ̀lú rédíò rẹ̀ ní etí odò, ilé-iṣẹ́ kò ní kó gbogbo rédíò padà wálé. Á rán kọ́kọ́rọ́ tuntun sí gbogbo ènìyàn láti afẹ́fẹ́, yàtọ̀ sí rédíò tó sọnù náà. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ẹ̀rọ ọwọ́ ọ̀tá á máa gbọ́ ariwo lásán. Kọ́kọ́rọ́ máa ń yí padà ní àkókò tí wọ́n ti fi àdéhùn sí, nígbà mìíràn lójoojúmọ́, kódà bí ohunkóhun kò bá sọnù. Ohùn tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ọjọ́ náà nìkan, nítorí ohùn ọ̀gá ṣeé sín jẹ, pàápàá lónìí tí kọ̀ǹpútà ń sín ohùn ènìyàn.

Ọgbọ́n kejì ni kí ìgbì máa fò. Ẹ fojú inú wo ilé kan tó ní yàrá 88. Èmi àti ìwọ fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan sì ń wá wa láti gbọ́ ohun tí à ń sọ. A bá fẹnu kò pé a óò sọ ọ̀rọ̀ kan ní yàrá kẹta, kí a sáré lọ sí ìkọkànlélógójì, kí a tún sáré sí ìkejìlá, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí àwa méjèèjì nìkan ní. Kí ẹni náà tó ṣílẹ̀kùn kan, a ti lọ. Hedy Lamarr, òṣèré sinimá tí wọ́n bí ní Austria, àti George Antheil, olórin Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọgbọ́n yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942. Ojú-ìgbì 88 ni wọ́n dárúkọ, iye ibi tí a ń tẹ̀ lára dùùrù píánò gan-an. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kò kà á sí nígbà náà. Lónìí, rédíò sójà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ SINCGARS ń fò ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Bluetooth tó wà létí ọmọ rẹ sì ń fò ní ìgbà 1,600. Ẹni tó bá fẹ́ dí ìgbì náà pẹ̀lú ariwo kò mọ èyí tí yóò dí.

Bí ọ̀tá kò bá tilẹ̀ gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó lè mọ̀ pé à ń sọ̀rọ̀. Apá tí mo rí i pé àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò nìyí. Àńtẹ́nà méjì tàbí mẹ́ta tí a gbé síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè júwe ibi tí rédíò kan wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ń pọ̀ sí i láti igun kan lóru, ẹni tó ń ṣọ́ wa á mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ sójà pé kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí agbára rédíò mọ níwọ̀n, kí àńtẹ́nà má ṣe sí lẹ́bàá ibi tí ọ̀gá wà, kí wọ́n sì dákẹ́ pátápátá nígbà tí àṣẹ bá ní kí wọ́n dákẹ́.

Ìtàn kún fún àwọn tó san gbèsè àìgbọràn yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ológun Rọ́ṣíà fi rédíò rán àṣẹ láìsí kọ́kọ́rọ́ kankan ní ìlà-oòrùn Prussia; Jámánì gbọ́ ọ, ó sì pa odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan rẹ́ ní Tannenberg. Ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 2022, àwọn sójà Rọ́ṣíà tún ń lo wọkí-tọkí tí kò ní kọ́kọ́rọ́ àti fóònù lásán ní Ukraine, àwọn ará ìlú tó ní rédíò kékeré nílé sì ń gbọ́ wọn. Ukraine pẹ̀lú rí ìjàǹbá tirẹ̀: ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún yẹn, ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ba ẹ̀rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gba sátẹ́láìtì Viasat jẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ẹ̀rọ Starlink, tó ń gba sátẹ́láìtì mìíràn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n lè bọ́ sórí ọ̀nà mìíràn kíákíá.

Àwọn ológun ti sọ èyí di ìlànà. Kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń to ọ̀nà mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn: èyí tí a ó kọ́kọ́ lò, èyí tí a ó bọ́ sí bí ó bá kọ̀, èyí tó lọ́ra ṣùgbọ́n tó dájú, àti èyí tó kẹ́yìn, bí gbogbo yòókù bá kọ̀. Wọ́n máa ń kọ ìgbà tí wọ́n á yí padà sílẹ̀ pẹ̀lú: bí n kò bá gbọ́ ọ ní agogo méjì, mo ti wà lórí ìkejì. Kò sí ẹni tó ní láti pe ẹnìkejì kí ó tó yí padà, torí pé ọ̀nà ìpè gan-an ló já. Wọ́n tún máa ń sọ ẹni tí yóò gba ipò adarí bí adarí bá dákẹ́. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí sí, àdéhùn tí ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yìí ju ẹ̀rọ lọ. Rédíò olówó iyebíye lọ́wọ́ àwọn tí kò ní àdéhùn, ariwo olówó iyebíye ni.

A ní ẹni tó mọ èyí nínú ìtàn tiwa. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ń jẹ́ orúkọ Murtala Muhammed, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò rántí pé ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ni ó ti dìde nínú ológun. Lẹ́yìn Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sójà onírédíò ní Catterick ni wọ́n rán an lọ. Ní 1962 òun ló ń tẹ̀ lé Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Ẹ̀gbá, nígbà tí wọ́n fi Dókítà náà ṣe alábòójútó Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1974 ó sì di kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún ìbánisọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn máa ń kà sí iṣẹ́ ẹ̀yìn ogun kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Kí ni èyí kan ará Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀? Ó kàn wọ́n púpọ̀. Ní agbègbè yìí, ọlọ́pàá wà, sójà wà ní Àlámàlà l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà, So-Safe, ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, wà, ọdẹ àti fijilanté wà. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 náà wà. Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìfọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ajínigbé tó ń dá ọkọ̀ lọ́nà ní márosẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á gba inú igbó kọjá sí òdìkejì kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni fóònù àti WhatsApp.

WhatsApp ní kọ́kọ́rọ́ tó dára láti 2016. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá wà nínú gúrúùpù kan, tí olè sì jí fóònù ọ̀kan nínú wọn tí kò ní páásìwọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ ti dọ́wọ́ olè. Orí òpó kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá, òpó tó ń jẹ dísù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Boko Haram sun ọ̀pọ̀ òpó fóònù ní àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa fóònù ní Borno, Yobe àti Adamawa kí ọ̀tá má baà lò ó. Àwọn aráàlú náà kò sì rí ọ̀nà pe ẹ̀ṣọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dùbúlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ohun tí 1918 fi hàn nípa ojú irin ni àwọn ọdún wọ̀nyí tún fi hàn nípa òpó.

Kì í ṣe pé ìjọba àpapọ̀ kò náwó. Ní 2010, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣe àdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, fún ìbánisọ̀rọ̀ ààbò ìlú jákèjádò Nàìjíríà, tó fi mọ́ kámẹ́rà ojú pópó. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ pẹ́. Owó ńlá ló lọ, gbèsè ló kù, ẹni tó wà nínú ewu lóru lójú ọ̀nà Mowe kò rí ànfààní rẹ̀. Ó dùn mí, torí pé ohun tí agbègbè bíi tiwa nílò kéré jọjọ sí ìyẹn: rédíò ọlọ́kọ́kọ́rọ́ níwọ̀nba tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ìgbì, àńtẹ́nà gíga kan ní ìhà Ìfọ̀ àti ọ̀kan ní ìhà Mowe tí wọ́n lè rí ara wọn lórí odò, ìwé ọ̀nà mẹ́rin tí gbogbo ikọ̀ fọwọ́ sí, àti ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa yí kọ́kọ́rọ́ padà, kí ó sì yọ ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tó kúrò gan-an.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn, So-Safe, ọlọ́pàá àti ọdẹ, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ jókòó pọ̀ kí ẹ kọ ìwé ọ̀nà mẹ́rin yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú alẹ́ kan nínú oṣù, kí gbogbo yín pa fóònù, kí ẹ sì rán ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti Ìfọ̀ sí Ibafo. Bí kò bá dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí.